UNO TI ÌKÒRÒDÚ ÀTI UNO TI Ẹ̀PẸ́: ỌMỌ ÌYÁ KAN NI WỌ́N, ÌWÀ WỌN KÒ DỌ́GBA

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú wa bá ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé ọdọọdún

  

Akọ̀wé wa ní kí n sọ̀rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú lórí bọ́ọ̀dù Arduino, mo sì mọ ìdí tí ó fi yan ọ̀rọ̀ yìí. Láti ìgbà tí a ti pinnu pé a óò fún ilé-ẹ̀kọ́ wa níbí, àti ilé-ẹ̀kọ́ kejì tí a gbà tọ́ ní Ẹ̀pẹ́, ní irinṣẹ́ tí àwọn ọmọ yóò fi kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, ẹnu wa kò kò mọ́. Ẹ̀ka Ìkòròdú ra ti wọn, Uno R3 ni. Ẹ̀ka Ẹ̀pẹ́ náà ra ti wọn, Uno R4 Minima ni. Ni àwọn kan bá ń sọ pé ògbólógbòó ni wọ́n fún Ìkòròdú. Àwọn mìíràn ní rárá o, ti Ìkòròdú ni ojúlówó, ti Ẹ̀pẹ́ ni yóò tètè bàjẹ́. Ẹnì kan tilẹ̀ ní kí a kó gbogbo rẹ̀ padà sí Computer Village ní Ìkẹjà, kí a lọ gba owó wa.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀. Kò sí ẹ̀ka tí wọ́n rẹ́ jẹ. Ṣùgbọ́n ewu kan wà láàárín bọ́ọ̀dù méjèèjì yìí tí ojú lásán kò lè rí, òun sì ni mo fẹ́ kí a dí kí ọmọ ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan.

KÍ NI ARDUINO?

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì rí i rí, bọ́ọ̀dù kékeré kan ni, kò tó àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà. Kò ní ojú bíi ti tẹlifíṣọ̀n, kò sì ní ibi tí a ti ń tẹ lẹ́tà. Chip kan wà lórí rẹ̀ tí ó jẹ́ ọpọlọ rẹ̀, ihò tóótòòtó sì wà létí rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì tí a ń ki wáyà bọ̀. Orí laptop ni a ti ń kọ àṣẹ tí a fẹ́ kí ó tẹ̀ lé, wáyà USB ni a fi ń fi ránṣẹ́ sí i. Bí ó bá ti gbà á, kò ní gbàgbé mọ́, bí NEPA tilẹ̀ mú iná lọ.

Kí ni wọ́n ń fi ṣe? Ẹ ro ti àwọn tí ń sin adìẹ ní Odogunyan. Ẹni tí ń fi ẹ̀rọ pa ẹyin gbọ́dọ̀ mọ bí inú àpótí náà ṣe gbóná tó, lọ́sàn-án àti lóru. Bọ́ọ̀dù yìí lè máa wò ó fún un, kí ó tan iná nígbà tí ó bá tutù, kí ó pa á nígbà tí ó bá gbóná jù. Ẹ ro ti àwọn ará Ẹ̀pẹ́ tí wọ́n ní adágún ẹja tàbí tí wọ́n ń yan ẹja: iṣẹ́ kan náà ni. Ẹ ro ti tàǹkì omi ilé yín, tí ẹ̀rọ ń fa omi sí tí ó ń ṣàn dànù nítorí pé ọmọ tí a ní kí ó pa á ti sùn lọ. Kò sí ọ̀kan tí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kò lè ṣe, bí a bá kọ́ ọ dáadáa.

Ibi tí àwọn ọmọ yìí yóò sì lọ kò jìnnà. Ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, Ẹ̀pẹ́ ni ó wà. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí a mọ̀ sí LASPOTECH, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1977, ti di yunifásítì sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ láti 2022, Ìkòròdú níbí ló wà. Ẹnu ọ̀nà wọn ni à ń gbé.

BÍ UNO ṢE DÉ

Ní ọdún 2005, ní ìlú Ivrea ní Ítálì, àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ kan, tí Massimo Banzi wà lára wọn, ń wá bọ́ọ̀dù tí owó rẹ̀ kò ní ju agbára akẹ́kọ̀ọ́ lọ. Orúkọ ilé-ọtí kan tí wọ́n máa ń jókòó sí ni wọ́n fi pè é. Wọ́n tú àwòrán bọ́ọ̀dù náà síta fún gbogbo ayé. Ẹni tó bá lè ṣe é, kí ó ṣe é. Orúkọ nìkan ni kò gbọdọ̀ lò. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí èyí tí wọ́n ṣe ní Ṣáínà lọ́jà, tí kò jẹ́ Arduino lórúkọ, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì jọ ti Arduino. Kì í ṣe ayédèrú, àfi bí ẹni tó ṣe é bá kọ orúkọ olórúkọ sí i.

Oṣù kẹsàn-án 2010 ni Uno jáde. Lédè Ítálì, ení ni wọ́n ń pè ní uno. Ọpọlọ rẹ̀ ni chip kan tí wọ́n ń pè ní ATmega328P. Chip kejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu USB, òun ni ògbufọ̀ láàárín bọ́ọ̀dù àti laptop. Nínú bọ́ọ̀dù tó ṣáájú Uno, chip tí wọ́n rà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ FTDI ló ń ṣe ògbufọ̀. Nínú Uno, wọ́n fi ATmega8U2 rọ́pò rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni àtúnṣe bẹ̀rẹ̀. R tí ẹ ń rí yẹn, àtúnṣe ló dúró fún. R2 kò ju resistor kan lọ tí wọ́n fi kún un, kí ó lè rọrùn láti tún chip ògbufọ̀ náà kọ́. Ẹni tó ń lo bọ́ọ̀dù náà lásán kò lè mọ ìyàtọ̀.

R3 ni iṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀, ọdún 2011 ló dé. Èkíní, wọ́n pààrọ̀ ògbufọ̀ náà sí ATmega16U2, tí ààyè inú rẹ̀ pọ̀ sí i. Èkejì, bọ́tìnì tí a fi ń tún un bẹ̀rẹ̀ kúrò láàárín, ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu USB, nítorí pé bí a bá gbé bọ́ọ̀dù mìíràn lé Uno lórí, bọ́tìnì ti tẹ́lẹ̀ a máa fara pamọ́. Ẹ̀kẹta, wọ́n fi ihò mẹ́rin kún un. Méjì ń jẹ́ SDA àti SCL, ọ̀kan ń jẹ́ IOREF, ìkẹrin kò ní iṣẹ́, wọ́n fi í pamọ́ de ọjọ́ iwájú.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ihò wọ̀nyẹn, nítorí ibẹ̀ ni ọgbọ́n wà. SDA àti SCL ni ọ̀nà tí aago kékeré, ojú ìkàwé àti àwọn ohun èlò mìíràn ń gbà bá bọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀. Lórí Uno, ihò A4 àti A5 ló ti ń ṣe iṣẹ́ yẹn tẹ́lẹ̀. Ihò tuntun méjèèjì náà, ọ̀dọ̀ A4 àti A5 ni wọ́n já sí, bí ilé tó ní ìlẹ̀kùn méjì tí yàrá rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan. Èwo wá ni wàhálà? Ìdí ni pé lórí Arduino mìíràn bíi Mega, ibòmíràn ni iṣẹ́ yẹn wà. Nítorí náà, wọ́n ya ibì kan sọ́tọ̀ tí yóò jẹ́ bákan náà lórí gbogbo wọn. IOREF ní tirẹ̀ ń sọ fún ohun tí a bá gbé lé bọ́ọ̀dù lórí bóyá fóltì 5 ni bọ́ọ̀dù ń lò tàbí 3.3. Wọ́n fi tuntun kún un, wọn kò ba ti àtijọ́ jẹ́. Ẹni tí ó ti so wáyà mọ́ A4 láti 2010 kò ní láti tú u.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá R3 ni wọ́n tà fún yín, ẹ ka ihò etí rẹ̀. Uno tó ṣáájú ní 28. R3 ní 32. Ẹ má gbọ́ ti ẹnu ọlọ́jà nìkan.

ÀṢÌṢE TÍ WỌ́N FI SÍLẸ̀

Ohun kan tún wà. Bí ẹ bá wo ihò 7 àti ihò 8 dáadáa, ẹ ó rí i pé àlàfo tó wà láàárín wọn fẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Àṣìṣe ni láti ìbẹ̀rẹ̀, kí Uno tó dé rárá. Kí ló dé tí wọn kò tún un ṣe ní R2, ní R3, títí dé R4? Nítorí pé àwọn ènìyàn ti ṣe ọ̀kẹ́ àìmọye bọ́ọ̀dù tí ń gun orí rẹ̀, tí àlàfo náà wà lára wọn. Bí wọ́n bá tún àṣìṣe náà ṣe, ohun ìní àwọn oníbàárà yóò di aláìwúlò.

Ẹ̀yin olùkọ́ Yorùbá wa, ẹ rí irú rẹ̀ rí. Nígbà tí àkọtọ́ òde òní dé, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1974, wọ́n ní kí a má kọ "aiye" mọ́, "ayé" ni. Wọ́n ní kí a fi "ṣ" rọ́pò "sh". A gbà. Ẹ lu wá lórí rẹ̀ pẹ̀lú! Síbẹ̀, Oshodi ṣì ni Oshodi lára pátákó ojú títì, Shomolu ṣì ni Shomolu, nítorí pé ìwé ilẹ̀ àti àdírẹ́sì gbogbo ènìyàn ti wà lórí rẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣe àtúnṣe gbọ́dọ̀ mọ ohun tí kò yẹ kí ó fọwọ́ kàn.

R4 NÁÀ DÉ

Ní oṣù kẹfà 2023, R4 jáde. Èyí kì í ṣe àtúnṣe díẹ̀, ọpọlọ gan-an ni wọ́n pààrọ̀. Wọ́n yọ ATmega328P kúrò, wọ́n fi RA4M1 ti ilé-iṣẹ́ Renesas ní Japan síbẹ̀. Ti àtijọ́ ń sáré ní megahertz 16, ti tuntun ń sáré ní 48. Ibi tí ti àtijọ́ ń kó ìrònú sí nígbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́ jẹ́ kilobyte 2, ti tuntun jẹ́ 32. Ibi tí àṣẹ ń gbé jẹ́ kilobyte 32 tẹ́lẹ̀, ó di 256. Ẹnu USB tó jọ ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti lọ, USB-C bíi ti fóònù ló wà níbẹ̀ báyìí. Fóltì tí a lè fi bọ́ R3 láti ẹnu bátìrì, 7 sí 12 ni wọ́n dámọ̀ràn. Ti R4 jẹ́ 6 sí 24. Ẹ̀yin tí ẹ ní sólà nílé mọ̀ pé bátìrì fóltì 12 a máa kọjá 14 nígbà tí oòrùn bá ń bọ́ ọ. R4 kò ní bìkítà.

Ara rẹ̀ ńkọ́? Ìrísí kan náà, ihò kan náà, orúkọ kan náà, fóltì 5 kan náà. Ọmọ Ìkòròdú lè gbé bọ́ọ̀dù tirẹ̀ fún ọmọ Ẹ̀pẹ́, kí ó wọlé géẹ́.

Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Ohun tó bá wọlé géẹ́ kò túmọ̀ sí pé ó bá a mu.

Ihò kọ̀ọ̀kan lórí R3 lè gbé iná milliamp 20 láìsí ìyọnu. Ihò kọ̀ọ̀kan lórí R4, 8 péré ni. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ọpọlọ R4 ju ti R3 lọ, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ kò lè ru ẹrù tí apá R3 ń rù. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nínú gbogbo ìwé Arduino ni títan iná LED. Ọ̀pọ̀ ìwé náà ní kí a fi resistor 220 ohm sí i. Ẹ jẹ́ ká ṣírò: bọ́ọ̀dù ń fúnni ní fóltì 5, LED pupa ń gbà tó 2, ó ku 3. Ẹ pín in sí 220, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó milliamp 14. R3 a rẹ́rìn-ín. R4 a máa jìyà rẹ̀ ní ìdákẹ́jẹ́. Ó lè má kú lónìí, ó lè má kú lọ́la, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ihò náà bá jó, olùkọ́ yóò ní ọmọ ló bà á jẹ́. Ọmọ náà sì rèé, ohun tí ìwé sọ ló ṣe.

Ìyàtọ̀ kejì: lórí R3 ojúlówó, ọpọlọ náà jẹ́ chip gígùn ẹlẹ́sẹ̀ 28 tó jókòó nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá jó, a yọ ọ́, a fi òmíràn sí i. Lórí R4, wọ́n ti jó o mọ́ bọ́ọ̀dù. Bí ó bá lọ, gbogbo rẹ̀ lọ nìyẹn.

Ìyàtọ̀ kẹta: àwọn prógíráàmù kan wà tí àwọn ènìyàn kọ láti bá inú ATmega sọ̀rọ̀ tààrà. R4 kò gbọ́ èdè yẹn. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Gbogbo ìwé, gbogbo àpẹẹrẹ, gbogbo iṣẹ́ àṣekágbá tí àwọn ènìyàn ti ṣe láti 2010, R3 ló ni púpọ̀ nínú wọn.

OHUN TÍ MO RÒ PÉ KÍ A ṢE

Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972, Nàìjíríà kúrò ní ọwọ́ òsì, a bẹ̀rẹ̀ sí wakọ̀ ní ọwọ́ ọ̀tún. Gbogbo orílẹ̀-èdè ló ṣe é lọ́jọ́ kan náà. Ká ní Ìkòròdú yí padà tí Ẹ̀pẹ́ kò yí padà ni, ṣé ẹ mọ ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ ní Itoikin? Bọ́ọ̀dù oríṣi méjì kò burú. Ìwé ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo tí ó ṣe bí ẹni pé oríṣi kan ni wọ́n ló burú. Nítorí náà:

Èkíní, ẹ má dá ohunkóhun padà. Kí Ìkòròdú mú R3, kí Ẹ̀pẹ́ mú R4. R3 tó lè gba ìyà, tí a sì lè pààrọ̀ ọpọlọ rẹ̀, dára fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. R4 dára fún àwọn tó ti mọ díẹ̀, àti fún ibi tí sólà wà. Lẹ́yìn ọdún kan, kí ilé-ẹ̀kọ́ méjèèjì pààrọ̀ díẹ̀ láàárín ara wọn.

Èkejì, kí ìwé ẹ̀kọ́ jẹ́ ọ̀kan, kí a sì kọ ọ́ fún ẹni tí agbára rẹ̀ kéré jù ní ibi kọ̀ọ̀kan. Ní ti iná, R4 ni kó jẹ́ òṣùwọ̀n wa: resistor 1,000 ohm ni kí a máa lò fún LED, milliamp 3 ni yóò gbà, yóò sì ṣì tàn. Ní ti ààyè, R3 ni òṣùwọ̀n: kí prógíráàmù má ju ohun tí kilobyte 2 lè gbà. Ní ti SDA àti SCL, kí a lo ihò tuntun méjèèjì tí wọ́n fi orúkọ sí, torí wọ́n wà lórí R3 àti R4.

Ẹ̀kẹta, mọ́tò tàbí relay tí kò ní bọ́ọ̀dù tirẹ̀ kò gbọdọ̀ kan ihò Uno kankan. Ohun tí irú relay bẹ́ẹ̀ ń gbà ju agbára R3 lọ, kí a má tilẹ̀ dárúkọ R4.

Ẹ̀kẹrin, kí a fi ọ̀dà kọ R3 tàbí R4 gàdàgbà sí ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan. Kí ìwé tí a fi ń kó wọn jáde kọ ọ́ pẹ̀lú.

Ẹ̀karùn-ún, àwọn tí ń bá wa rajà. Púpọ̀ nínú R3 ti Ṣáínà ní chip CH340 gẹ́gẹ́ bí ògbufọ̀, kì í ṣe 16U2. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n laptop mìíràn kò ní dá a mọ̀ àfi bí a bá kọ́kọ́ fi prógíráàmù rẹ̀ sí i. Kí a fi í sórí gbogbo laptop kí wọ́n tó dé ilé-ẹ̀kọ́, nítorí kò dájú pé íntánẹ́ẹ̀tì yóò wà níbẹ̀. Kí a yan R3 tí ọpọlọ rẹ̀ wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí a sì ra ọpọlọ mélòó kan pamọ́, èyí tí wọ́n ti fi prógíráàmù ìbẹ̀rẹ̀ sí. Ti Ẹ̀pẹ́, ẹ dán wáyà USB-C wò. Èyí tí ń gba iná sí fóònù nìkan, tí kò lè gbé ọ̀rọ̀, pọ̀ lọ́jà.

Ẹ̀kẹfà ló ṣe pàtàkì jù: olùkọ́. Ẹ rántí 1982, nígbà tí 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kó ẹ̀rọ ńláńlá wá láti òkè òkun fún Introductory Technology. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, inú àpótí pákó ni wọ́n wà tí wọ́n fi dípẹtà, kò sí iná, kò sí ẹni tó mọ̀ wọ́n lò. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ náà kò dára. Bí a bá ní owó díẹ̀ ṣẹ́kù, kí a má fi ra bọ́ọ̀dù sí i. Kí a fi ran olùkọ́ méjì, ọ̀kan láti Ìkòròdú, ọ̀kan láti Ẹ̀pẹ́, kí wọ́n jọ jókòó ní ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n ṣe gbogbo iṣẹ́ inú ìwé náà lórí bọ́ọ̀dù méjèèjì kí ọmọ kankan tó rí i.

Àtúnṣe kò ní dúró. Ní oṣù kẹwàá 2025, ilé-iṣẹ́ Qualcomm ti Amẹ́ríkà kéde pé òun fẹ́ ra Arduino, Uno mìíràn tí wọ́n ń pè ní Uno Q sì jáde lọ́jọ́ kan náà. Ẹni tó bá ní òun yóò máa lé tuntun kiri kò ní kọ́ ọmọ kankan. Ẹni tó bá sì ní ti àtijọ́ ló dára jù, ọjà yóò fi í sílẹ̀. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, òun ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ìkòròdú mú ti àgbà wá, Ẹ̀pẹ́ mú ti ọmọdé wá. Ó kù kí a kọ ìwé tí yóò jẹ́ kí wọ́n gbé pọ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé kí á ka ìbéèrè tán kí á tó dáhùn. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa. Kí Ó jẹ́ kí ohun tí a fún àwọn ọmọ yìí wúlò fún wọn. Bí ìbéèrè bá wà, mo wà níbí, bọ́ọ̀dù méjèèjì sì wà lórí tábìlì. Ẹ wá ka ihò wọn fúnra yín.